Orogún Olókùn Mẹ́fà

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ìgbálẹ̀ náà. Olóògbé Bàbá Ojúlówó, tó máa ń díye lé gìtá àtijọ́, wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù: “Ọrùn rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ṣe ẹnu rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ti wà nílé mi báyìí. Mi ò lè fi í sílẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ìgbálẹ̀ onígi bá bàbá léjìká, igi rẹ̀ sì sán.

“Ta ni ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́?”

“Gìtá ni, ìyálé mi.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti di ìyálé. Ìyàwó ti dé nìyẹn.”

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe gìtá náà ní orogún. Bàbá gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún láràárọ̀. Ìyàwó ní òun lòun kọ́kọ́ wọlé, òun ni àgbà.

“Òótọ́ ni,” bàbá dáhùn, “ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Kí ló dé tí o kì í kúnlẹ̀ kí i?”

Ọkùnrin kan tún gbé gìtá tirẹ̀ wá, tí wọ́n fi ìkarahun dídán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìdí. Bàbá yọjú wo inú ihò rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. “Irú gìtá yìí, òrùka ìkarahun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe sí i lẹ́nu. Ìyókù, ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù yín ò tíì gbẹ.”

“Ibi tó sán ńkọ́? Ṣé kí n tún un ṣe?”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àpá yẹn ni ìwé ọjọ́ orí rẹ̀.”

Ìyàwó gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. “Èmi náà ní àpá. Èló lẹ pè mí?”

Bàbá gbé awò sójú, ó wò ó títí, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, òun ò lè díye lé e. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nìyàwó fi bínú. Gìtá lásánlàsàn, bàbá mọ iye tirẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyàwó rẹ̀ ta orogún náà. Òun fúnra rẹ̀ ló bá oníbàárà gbé e dé inú ọkọ̀. Ó padà wá gbá ṣọ́ọ̀bù. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bá ìgbálẹ̀ àtijọ́ yẹn níbẹ̀, páálí kékeré so mọ́ ọn lọ́rùn, irú èyí tí bàbá máa ń so mọ́ àwọn gìtá tó bá díye lé, pẹ̀lú ìkọ̀wé bàbá:

“Ojúlówó. Ó sán níbi tó ti bá èjìká mi. Kò ní ọ̀ṣọ́, kò sì nílò ọ̀ṣọ́. Ẹ má tún un ṣe. Mi ò tà á.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá. Ó gbé ìgbálẹ̀ náà sórí àga orogún, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, ó sì lọ yá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.