Ìgò Tí Ìbílọlá Dà Nù

Ọ̀fìnkìn ni ọmọ Ìbílọlá lọ kọ́ nípa rẹ̀ nílùú òyìnbó. Bí ará ìlú rẹ̀, Aládé, bá bi í léèrè iṣẹ́ tí Kíkẹ́lọmọ ń ṣe láti ọdún méje tó ti lọ, á ní ọmọ òun ń ṣèwádìí lórí àìsàn, á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ láàárín èèyàn pé nítorí ikun tí gbogbo ayé ń fọn sínú koríko ni ọmọ òun ṣe sọdá òkun?

Opó ni Ìbílọlá, àgbẹ̀ kòkó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà paraku sì ni. Nínú ìjọ tiwọn, wọn kì í lo oògùn, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Omi tí wọ́n bá gbàdúrà sí ni wọ́n ń mu. Ó lè ka Sáàmù mẹ́wàá lórí láìsinmi, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé kà. Táíwò, tíṣà obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ló ń bá a ka lẹ́tà, òun náà ló ń bá a kọ èsì.

Lẹ́tà ń wá, ọmọ kò wá. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò tíì bọ̀ lóko. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́, Ìbílọlá á gbé mátírẹ́ẹ̀sì Kíkẹ́lọmọ síta, á sá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, á gbọ́n eruku rẹ̀. Bí ọdún tuntun bá kọjá, á tún gbé e wọlé, á fi aṣọ bò ó. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ débi pé ó máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Ó mọ ohun tó dínà. Lọ́yẹ́ ọdún 1964, Olúsànmí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń fà. Àwọn alàgbà wà lórí ìkúnlẹ̀. Kíkẹ́lọmọ, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, sáré lọ sí ilé ìgboògùn, ó fi ìgò kan pamọ́ sábẹ́ ìró wá sílé. Ó ní wọ́n ní oògùn yìí yóò wo àbúrò òun sàn. Ìbílọlá gba ìgò náà, ó dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kejì ni ọmọ kú. Kíkẹ́lọmọ kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ìwé ló dojú kọ.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1981 ni Ìbílọlá tó lè béèrè. Ojú lọ̀rọ̀ wà, lẹ́tà kò sì lójú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ìbéèrè méjì ló ní kí Táíwò kọ. Kí ni nǹkan tó ń kọ́ nípa rẹ̀ yìí ń ṣe nínú ara èèyàn? Ìgò tí òun dà nù, ṣé ìbá gba Olúsànmí là? Táíwò gbé bírò sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ èkejì. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́.

Èsì dé lóṣù Kẹwàá, wọ́n ń sá kòkó lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní kòkó, Táíwò bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Kíkẹ́lọmọ ní kí ìyá òun wo ara èèyàn bí ilé tó kún fún yàrá kéékèèké tí ojú kò rí. Inú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn alágbàṣe onílé wà. Kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn kò lápá, kò ládàá, kò lè bí ọmọ fúnra rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé wá. Àwọn ìkọ́ kan wà lára rẹ̀ tó bá ilẹ̀kùn yàrá mu, yàrá fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbà á wọlé. Bó bá wọlé, á tẹ́ ìwé sílẹ̀ fún àwọn alágbàṣe, wọ́n á kọ́kọ́ bá a ṣe adàwékọ tirẹ̀. Adàwékọ á da ìwé náà kọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn alágbàṣe á dá ẹ̀wù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kòkòrò tuntun yìí á sì jáde lọ kan ilẹ̀kùn yàrá mìíràn. Àwọn alágbàṣe kò mọ̀ pé oko ẹlòmíì ni àwọn ń ro.

Ìbílọlá ní òun mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀, òun ní àna kan tó jọ ọ́.

Lẹ́tà náà ní ibi tó ti ṣòro nìyí: oògùn tó bá pa alágbàṣe yóò pa onílé. Nítorí náà, ohun tó jẹ́ ti kòkòrò nìkan ni wọ́n ń wá, bóyá kí wọ́n dí ojú ìkọ́ rẹ̀, bóyá kí wọ́n gba kálàmù lọ́wọ́ adàwékọ rẹ̀. Wọn kò tíì rí oògùn náà.

Táíwò dé orí ìbéèrè kejì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Màmá, n kò mọ ohun tó pa Olúsànmí. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Oògùn ikọ́ lásán ni. Ọkùnrin tó fún mi ní ìgò náà sọ pé kò lè ran ọmọ tí àyà rẹ̀ ń fà lọ́wọ́, ó ní kí á gbé e wá kíákíá. N kò sọ fún yín. Mo rò pé ẹ ó lé mi, mo wá parọ́ pé ìgò náà yóò wò ó sàn. Nígbà tí ẹ dà á nù, mo jẹ́ kí ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé. Ojú ń tì mí láti wálé. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ tí a bá rí oògùn yìí ni n óò tó wálé wá wo ojú yín."

Ìbílọlá fọwọ́ ra kòkó tó wà níwájú rẹ̀, ó ń yí i padà, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i tán ni. Ó sunkún díẹ̀. Ó wá dìde, ó wọlé, ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì jáde, ó tẹ́ ẹ sí oòrùn. Táíwò ti mú bírò.

"Kọ ọ́ fún un pé bó bá tiẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, n kì bá tí gbé Olúsànmí lọ. Èmi mọ ara mi. Kọ ọ́ pé kó má dúró de oògùn kó tó wálé."