Bí Mo Ṣe Yọ Àjíkẹ́ Lódò Nínú Ìwé Tíṣà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ lónìí. Mo ti gba ẹ̀mí obìnrin kan là rí, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀!

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Agége, lẹ́bàá ojú irin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń to lẹ́tà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Háà, ọdún yẹn! Gbogbo ẹni tó mọ a-b-d ló sọ ara ẹ̀ di òǹkọ̀wé. Télọ̀ ń kọ̀wé, akọ̀wé rélùwéè ń kọ̀wé. Alápatà kan tiẹ̀ gbé ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ wá láti Oko Ọba. Ẹ̀jẹ̀ ẹran wà lára bébà!

Ibẹ̀ ni Tíṣà kan láti Ìkẹjà gbé tiwọn dé. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, táì kì í kúrò lọ́rùn wọn nínú oòrùn. Ìtàn Àjíkẹ́ ni, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ fẹ̀sùn olè kàn lásán. Ìwé yẹn dùn! Mò ń to lẹ́tà, mò ń sunkún. Ìgbà tí mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn, Àjíkẹ́ ń sá fún ìtìjú, ó já sódò, omi gbé e lọ.

Ṣé bó ṣe máa parí nìyẹn? Kí ló ṣe?

Ọ̀gá wa ti rìnrìn àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo bá fi apẹja kan síbẹ̀. Ó fa Àjíkẹ́ jáde, ọkọ sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin péré! A tẹ̀ ẹ́, a rán an pọ̀.

Ọ̀gá ti dé lọ́jọ́ tí Tíṣà já wọlé, ìwé lọ́wọ́, táì ti yí sẹ́yìn. Wọ́n ní ta ló fi apẹja sínú ìwé àwọn.

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá ní kí n kó ẹrù mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ. Ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ ni obìnrin kan ti sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Ìyàwó Tíṣà ni. Àṣé Àjíkẹ́ lorúkọ òun náà! Ó ti ń bẹ ọkọ ẹ̀ tipẹ́ pé kó má fi orúkọ òun sódò.

"Ẹ má lé e o! Òun nìkan ló rántí pé mo ṣì fẹ́ pẹ́ láyé."

Tíṣà fajú ro títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n gbà kí apẹja dúró? Rárá! Wọ́n bẹ Ọ̀gá kó má lé mi, àmọ́ kí n to ojú ewé náà padà bí àwọn ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kí obìnrin yè, kí n lọ kọ ìwé tèmi.

Lẹ́tà-lẹ́tà ni mo fi pa Àjíkẹ́, ọwọ́ mi wúwo bí òjé. Ìyàwó Tíṣà sì ti ki ẹ̀dà kan tó ní apẹja bọ abẹ́ ìborùn, ó ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí ìtàn ẹlòmíràn bá dùn ẹ́, sunkún ẹ, kó o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tìẹ ni kó o kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi lọ́dún náà. Ojú ewé mẹ́fà ni mo dé títí dòní, ọkọ òun ìyàwó inú ẹ̀ ò tíì jà, ẹ̀rù ló ń bà mí!

Ẹ̀yin ńkọ́? Òǹkọ̀wé wo ló ti pa ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ lọ ká a mọ́lé? Ẹ sọ tiyín, kójú má ti èmi nìkan.