Ìbò Olórí Gọ́tà ní Rippleside

Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo ka ìwé ìdìbò náà. Ìlú kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, fẹ́ kí n wá bá wọn yan ẹni tí yóò máa bójú tó gọ́tà wọn. Gọ́tà o! Èmi tí mò ń to páálí ní Dagenham Dock níhìn-ín ní Ìlú Ọba, tí omi dúró sẹ́yìn kíṣínì mi ní Rippleside látọjọ́ pípẹ́.

Bàbá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló fà á. Wọ́n ń kàwé lọ́hùn-ún nígbà tí wọ́n bí mi, èmi wá di ọmọ Amẹ́ríkà, Dádì ò dì í. Nítorí náà ìbò mi nìkan ni ìbò tí Dádì ní láyé, wọ́n sì ti fi gbogbo ọkàn sí i. Àwọn ló ní kí n forúkọ sílẹ̀.

Kì í tilẹ̀ ṣe ìdìbò gan-an. Ìdìbò abẹ́lé ni, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ti ń mú ẹni tí yóò dúró fún un kí wọ́n tó wá kojú ara wọn lóṣù kọkànlá. Ẹgbẹ́ kan wà lápá ọ̀tún ìwé náà, ìkejì wà lápá òsì. Tí èèyàn bá fi lè sàmì sí apá méjèèjì, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún Dádì pé mo rí ẹni tó wù mí lápá méjèèjì. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ fẹ́ ọkọ méjì.

"Ẹgbẹ́ kan la wà nílé yìí."

"Ta ló fi mí sí i?"

"Èmi ni bàbá rẹ."

Ó parí.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló ń du ipò gọ́tà yìí nínú ẹgbẹ́ wa. Ọkùnrin yẹn wọ kóòtù nínú fọ́tò. Obìnrin yẹn wọ bàtà òjò, ó dúró sínú ẹrẹ̀. Ti ọkùnrin ni Dádì ń ṣe. Wọ́n á pè mí lẹ́nu iṣẹ́: "Ṣé o ti ka ohun tó sọ nípa páìpù?" Páálí á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lù mí. Kí n lè rímú mí, mo kọ̀wé sí olùdíje méjèèjì pé bàbá mi ní ìbéèrè. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn lọ́dọ̀ ọkùnrin. Obìnrin ní òun máa pè lọ́sàn-án Sọ́ńdè, pé àwọn tó ń jáde dìbò abẹ́lé ò pọ̀, ìbò ẹyọ kan kì í ṣe kékeré lójú òun.

Ó sì pè lóòótọ́, pẹ̀lú fídíò. Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sútánà funfun ṣì wà lára wọn. Obìnrin náà pè wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù, Dádì ò bá a jiyàn. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ ètò tó ní fún gọ́tà ẹ̀yìn kíṣínì wa. Ojú tì mí, mo fẹ́ gba fóònù, ó ní rárá, òun fẹ́ rí i. Bí Dádì ṣe gbé e jáde sẹ́yìnkùlé nìyẹn, láìwọ bàtà, tí wọ́n ká sútánà sókè. Ó ní kí wọ́n ti ọwọ́ bọ ibi tí páìpù ti tẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan ni wọ́n fà jáde, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nílé wa, omi bá ń lọ.

"Mo ti fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀," ni Dádì wí.

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pe ìdajì ìjọ wa títí dé àdúgbò Whalebone. Ìyá Ìjọ ṣèlérí pé àwọn máa dìbò fún obìnrin náà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí Ìyá Ìjọ sí, kì í ṣe Amẹ́ríkà.

Ní Túsìdeè, mo sàmì síwájú orúkọ obìnrin náà, mo ti ìwé bọ inú àpòòwé. Ó ku kí n fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí olùdìbò á ti búra pé òun gan-an ni. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀, mo sáré lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo padà délé, Dádì ti lẹ̀ ẹ́ pa, ìbuwọ́lù wọn sì gùn láti etí kan dé èkejì.

"Dádì! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Ta ló ń bá ọ fọwọ́ sí ìwé láti kékeré? Ti iléèwé, ti páásípọ́ọ̀tù..."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí! Wọ́n á da ìbò yẹn nù!"

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ṣé ọlọ́pàá máa wá mú àwọn ni. Mo pe ọ́fíìsì ìdìbò lọ́hùn-ún. Ẹni tó gbé e ní kí n yọ ìwé inú rẹ̀, kí n fa àpòòwé yẹn ya, kí n fi ẹ̀rọ tẹ òmíràn jáde, kí n fọwọ́ ara mi sí i, kí n sì yára, torí ọjọ́ ti lọ.

Mo tẹ òmíràn. Dádì bá ní:

"Nígbà tí oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ, ilé dé ilé ni mò ń rìn fún ẹgbẹ́ yẹn, nínú yìnyín. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n ní kí èmi àlejò dúró sódìkejì títì. Gbogbo àwọn tí mo bẹ̀ ló wọlé lọ dìbò lójú mi."

Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Àánú wọn ṣe mí gan-an, ìbínú mi sì wá ń tì mí lójú. Mo mú àpòòwé tí wọ́n fọwọ́ sí, mi ò lè fà á ya. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n rọra fà á ya létí kí ìwé inú rẹ̀ má bàa bà jẹ́, wọ́n sì na bírò wọn sí mi.