Àtàǹpàkò Lórí Òrùlé Keje

Ẹ tiẹ̀ wo iṣẹ́ ayé! Àwa yòókù ń gbá géèmù ká lè borí. Ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí, kó lè bà á jẹ́ ló ṣe ń gbá a, wọ́n sì ń sanwó fún un! Odindi ọdún mẹ́ta ló ti fi ń forí ọmọ inú géèmù gbá ògiri, tó ń mú un fò sódò, tó ń mú un gba ojú fèrèsé jáde, kó lè rí ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ibi tó bá rí, a kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe géèmù náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀sùn, òun tí kò tíì lọ́kọ. Ìyá tó bí i gan-an kò gbè é: "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ìwọ ń bá àwòrán jà!"

Ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ ń bí nínú jù ni Onígíláàsì, àgbà láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù. Ọwọ́ rẹ̀ ni géèmù òrùlé ti jáde: ọmọkùnrin kan ń sáré lórí ilé, ó ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí èkejì. Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ẹ̀sùn kọ̀wé pé igun òrùlé keje ń gbé ọmọ mì, pé ṣe ló wọ inú páànù lọ bí ẹni jìn sí kànga. Onígíláàsì dán an wò, ó kọjá wẹ́rẹ́. Ó dá ìwé padà: "Kò sí nǹkan níbẹ̀. Lọ fọjú." Ìyá Ẹ̀sùn tún kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Onígíláàsì fèsì: "Àlòkù ni kọ̀ǹpútà ẹ. Bó bá ṣẹ lórí tèmi, lọ́wọ́ mi, ìgbà yẹn ni kó o tó wá."

Òfin ilé iṣẹ́ sì le: ẹ̀sùn tí kò bá ṣẹ nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ẹni tó kọ ọ́ a gbé báàgì rẹ̀, ó di ilé. Ó ti di méjì. Ẹlòmíràn ì bá panu mọ́. Òun kọ́! Lọ́jọ́rú ó kọ ẹ̀kẹta, ó sì bẹ Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ni gbogbo wọn bá rọ́ yí tábìlì Onígíláàsì ká.

"Ẹ máa wò ó o," ni ọkùnrin náà wí. Ọmọ sáré, ó fò, ó gba igun keje, ó kọjá. "Kànga dà?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

"Ṣé ìránṣẹ́ ẹ ni mí?" Ó tún un ṣe, ó tún kọjá.

"Ìyá Ẹ̀sùn, ó dàbọ̀ o!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ.

Màdáámù wo aago. "Ẹ̀sùn kẹta rèé o."

Ìyá Ẹ̀sùn kò wo ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ló ti rí i! Bí ọmọ bá ti sún mọ́ igun yẹn, àtàǹpàkò Onígíláàsì a kúrò lórí bọ́tìnnì eré sísá, kín-ún báyìí, a tún balẹ̀. Ọdún kan ló ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀fìn tí orí rẹ̀ kò mọ̀, bí onílé ṣe ń fo àtẹ̀gùn tó jẹrà láìwolẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má gbé àtàǹpàkò yẹn."

"Mi ò gbé e!"

"Ẹ ń gbé e."

"Irọ́ ni mò ń pa? Ìwọ ọmọ àná yìí?"

Ó fìbínú gbá a lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ọmọ ti ń sún mọ́ igun, Ìyá Ẹ̀sùn ṣe ohun tí ọmọ tí a kọ́ kì í ṣe sí àgbà: ó nawọ́, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ ti Onígíláàsì mọ́lẹ̀ gbagidi.

Ọmọ wọ inú páànù lọ. Ó ń jábọ́, ó ń jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta lófuurufú.

"O fọwọ́ kàn mí!" Onígíláàsì fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Màdáámù, ẹ rí i! Ó fẹ́ ṣẹ́ mi níka!"

"Ìka yín ò ṣẹ́. Òrùlé yín ló lu. Ẹ tún un ṣe kó tó dọjọ́ Ẹtì." Màdáámù yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ, àga ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ bà á. Kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i, nísinsìnyí."

Ìyá Ẹ̀sùn jókòó, ó kọ ọ́: "Bọ̀dá, ẹ forí ji àtàǹpàkò mi. Ní ti òrùlé, mi ò ní ẹ̀bẹ̀ kankan."

Onígíláàsì kà á tán, ó pòṣé tí gbogbo yàrá gbọ́. Ó gbé àga rẹ̀ nílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọbìnrin náà, ó sì dojú kọ òrùlé keje.