Igi Abẹ́ Kọnkéré

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ àǹtí mi. Tó bá ń dún, àlàáfíà ni. Tó bá dákẹ́ lójijì, a mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti dìde lórí àga, pé àǹtí mi ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń tẹ́tí sí i. Bí ọkùnrin náà bá ti jókòó padà, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ là ń pe àǹtí mi nínú ẹbí. Ó tín-ín-rín lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá Bíríkìlà, ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní òpópónà wa, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ wọ́n. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Ọwọ́ tó ń gbé búlọ́ọ̀kù bí ẹni gbé búrẹ́dì wá ń rọ̀ dirodiro bí aṣọ tútù lórí okùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ti ilé ìwòsàn dé, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ló bá kọjú sí ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àǹtí mi ò bá a jà, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó kó àwọn ẹ̀wù rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó tú bọ́tìnnì wọn, ó rán ihò wọn pa, ó wá tún bọ́tìnnì náà rán sórí ihò tó ti dí, kó lè dà bíi pé wọ́n dè é. Abẹ́ rẹ̀ ló wá rán ọ̀já tó ń lẹ̀ mọ́ra sí, irú èyí tó máa ń wà lára bàtà ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀gá bá ti fi ọwọ́ òsì tẹ àyà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀wù pa dé nìyẹn.

"Mo ti de bọ́tìnnì mi o," ni yóò wí.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ máa dáhùn, kò ní gbójú sókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbogbo ilé. Ó to bẹ́ẹ̀dì, àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tẹ̀léra dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè máa rí nǹkan dì mú. Ó ń tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo rẹ̀ kí àwo má bàa sá fún un. Fláàsì kékeré ló rà, ìdajì omi ló sì ń bù sí i. Mo ti ka ìwé ìfẹ́ tó pọ̀. N ò tíì rí èyí tó mẹ́nu ba aṣọ tútù lábẹ́ àwo.

Nítorí ọkọ rẹ̀ ni àǹtí mi ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ iléèwé. Àtúnṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń ṣe nílé ò sì gbọ́ bùkátà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wá ránṣẹ́ pé kó padà wá kí oṣù tó parí, àbí kí òun gba ẹlòmíràn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n gbé Ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n á ti máa fi ṣíbí bọ́ ọ.

Ìgbà náà ni rédíò kéde òfin tuntun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbowó oṣù títí ó fi fẹ̀yìn tì nìkan ni ìjọba ń rántí. Òfin yìí ní ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lè tọ́jú aláìsàn nínú ilé, iṣẹ́ ni òun náà ń ṣe, wọn yóò sì máa san nǹkan fún un lóṣooṣù. Àmọ́ òṣìṣẹ́ kan yóò kọ́kọ́ wá fojú ara rẹ̀ rí i pé aláìsàn náà ò lè dá wọṣọ, kò lè dá rìn, kò sì lè dá jẹun.

Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wọn ló kọ́kọ́ sáré gòkè wá.

"Abẹ́rẹ́, ọ̀nà ti là! Kó ṣáà sùn gbalaja lọ́jọ́ náà, kó máa kérora. Kí itọ́ máa dà díẹ̀díẹ̀."

"Itọ́ ta ni?" Ohùn Ọ̀gá ti inú yàrá wá. "Ìwọ tó o fi abẹ gé mi létí, itọ́ tìẹ ni kó máa dà. Àlejò ò ní bá mi nílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Màá dìde kí i."

Onígbàjámọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dáa, ṣá kó àga wọ̀nyí kúrò lọ́nà. Fún un ní ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì gidi. O ò purọ́, o kàn yọwọ́ ni."

Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí àǹtí mi kò tíì tú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó yọ ọ́ nínú àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò òṣìṣẹ́ náà. Ó gbé e lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò yí ọ̀kan nínú bọ́tìnnì rẹ̀ títí. Òótọ́ ni Onígbàjámọ̀ sọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká ẹ̀wù náà, tó dá a padà.

"Tí wọn ò bá wá fún wa ńkọ́, Àǹtí?"

"Tí wọ́n bá fún wa, tójú wá ń ti ọkọ mi," ó ní, "kí ni mo fẹ́ fi owó náà rà?"

Òṣìṣẹ́ náà dé láàárọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ jẹ́jẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìrìn. Ọ̀gá dìde. Ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó di àga mú, ó di tábìlì mú, ó dé iwájú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ má bínú, n ò tíì wọṣọ tán." Ó fi ọwọ́ òsì tẹ àyà, ẹ̀wù pa dé. Ó fi omi fláàsì kékeré náà po tíì fún àlejò, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí àǹtí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ máa ń bá wọn ṣe?"

Àǹtí mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Aṣọ ni mò ń rán."

"Mo bá yín yọ̀ o, Bàbá. Ara yín ti yá ju bí wọ́n ṣe sọ fún wa lọ." Ó pa bírò rẹ̀ dé. "Àmọ́ bí òfin ṣe wí, kò sí ohun tí mo lè kọ."

"A dúpẹ́. Ẹ kú wàhálà," ni àǹtí mi wí, ó sì dìde kó lè sìn ín jáde. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ọ̀gá ló ń wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ọmọ mi, ẹ má tíì lọ. Ẹ bá mi gbé àga yẹn sẹ́yìn. Ẹ gbé tábìlì náà."

Ó gbé wọn. Àárín yàrá wá ṣófo.

"Ó yá, ẹ ní kí n máa bọ̀."

Ọ̀gá ò dúró de ìdáhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, àǹtí mi sì ti gbá a mú kí n tó mọ̀ pé ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bó ti jókòó báyìí, ó gbá etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fà á. Fàràà!

"Ẹ gbọ́ ọ? Irú bọ́tìnnì wo lẹ rí rí tó ń ké fàràà?"

Àǹtí mi fọwọ́ bo ẹnu.

"Bíríkìlà ni mí," ni Ọ̀gá wí. "Tá a bá da kọnkéré òkè, igi la fi ń gbé e ró nísàlẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní òkè náà mà dúró o. Ṣé èmi náà ò ní mọ̀ pé igi ṣì wà lábẹ́ ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. N ò lè de bọ́tìnnì. N ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Tíì tẹ́ ẹ mu, òun ló wọn omi ẹ̀ níwọ̀n agbára mi. Obìnrin yìí ló ń gbé mi ró."

Òógùn ti bò ó. Ó ti ru búlọ́ọ̀kù gòkè ilé alájà mẹ́rin rí, ṣùgbọ́n n ò rò pé ó ti gbé ohun tó wúwo tó ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.

Ọmọbìnrin náà jókòó padà. Ó fọwọ́ kan etí ẹ̀wù náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Mà, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ẹni tó wọ̀ ọ́," ni àǹtí mi wí.

Ìgbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán ni àǹtí mi yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Ṣé wọ́n ní àrùn mú mi létí ni?"

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa kí yín kú iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́ta!"

"Ó ń dùn mọ́ mi ni."

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí, ó fi aṣọ oníbàárà nu ojú.

Kí oṣù tó parí, èsì dé pé wọ́n ti gbà. Àǹtí mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pé kó mú ẹlòmíràn. Àga àti tábìlì sì ti padà sáyè wọn láti ọjọ́ tí àlejò náà lọ.

Tẹ́ ẹ bá gba abẹ́ fèrèsé wọn kọjá, ẹ ó gbọ́ tí ẹ̀rọ yóò dún, tí yóò sì dákẹ́. Ẹ ó wá gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú yàrá: "Abẹ́rẹ́, máa rán aṣọ ẹ jàre, n ò tíì ṣubú!"

"Mo ti gbọ́," ni yóò dáhùn.

Ẹ̀rọ ò sì ní dún, títí àga yóò fi ké pé ó ti jókòó.