Àga Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ní ilé-ìwé kan, adelé ọ̀gá kì í jókòó sórí àga ọ̀gá. Nítorí náà, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni obìnrin tíṣà kan tó jẹ́ adelé fi darí ilé-ìwé láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ tábìlì, tó ń retí lẹ́tà tí yóò sọ ọ́ di ọ̀gá. Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Jímọ̀: ọ̀gá tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí adelé padà sí kíláàsì.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú àkísà, ó ń nu àga náà. Tíṣà ìṣirò, aláwàdà, yọjú.

"Ìyá wa, àga ta lẹ̀ ń nù?"

"Ti ọ̀gá ilé-ìwé."

"Ta ni ọ̀gá ilé-ìwé?"

"Ẹni tí wọ́n bá fún ní lẹ́tà."

"Háà! Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ṣí òrùlé, ṣé lẹ́tà ni wọ́n sáré lọ jí lójú oorun?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá. Ó wo ilẹ̀kùn, ó sì rọra jókòó sórí àga bí ẹni jókòó sórí ẹyin. Aago kíláàsì lù.

"O ò gbọ́ aago ni?" ni ìyá bi í. "Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni tíṣà wí, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.