Ọ́fíìsì Prof Wà Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Kò sí yunifásítì tó fi mí jẹ Prof. Ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Tucker, nílùú òyìnbó níbí, ló fi mí jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyàwó pásítọ̀ ní kí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ dìde, kí ìjọ gbàdúrà fún wa. Mo dìde. Ó bi mí níbo ni mo ti ń kọ́ni, mo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Kí n tó jókòó, ó ti pariwo sínú gbohùngbohùn: "Ẹ bá wa kí Prof wa o!" Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo tẹrí ba bí ẹni tí oyè ń tì lójú, ṣùgbọ́n n kò sọ pé rárá.

Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ ìdí tó fi yẹ kí ìyẹn tì mí lójú ju bó ṣe yẹ kó ti ẹlòmíràn lọ. Èmi ni mo máa ń fi àwọn olóyè ṣe yẹ̀yẹ́. Arákùnrin kan wà tó gba oyè dókítà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín Àjíǹde àti Kérésìmesì. Èmi ni mo ní bí ibà bá mú un, kó wo ara rẹ̀ sàn. Alàgbà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ máa ń to oyè síwájú orúkọ ara rẹ̀ lórí àpòòwé ìdáwó. Èmi ni mo ní kí orúkọ náà tó dé, ìsìn yóò ti parí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Prof, ẹnu yín ò dáa!" Mo gbádùn ẹ̀rín náà, mo sì gbádùn Prof tó ṣáájú rẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ní àríwá ìlú ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní bí a ṣe ń kọ àròkọ. Sáà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà mí, bí ẹni ń gba alágbàṣe sóko: bí sáà bá parí, iṣẹ́ parí, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún pè. N kò ní ọ́fíìsì. Tábìlì kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta bisikíìtì. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń rí mi. Bí ẹlòmíràn bá ti gba tábìlì, a jẹ́ pé inú ọkọ̀ mi ni. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń lọ sí Marietta lọ tọ́jú bàbá òyìnbó arúgbó kan nílé rẹ̀. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fún un lóúnjẹ, mo ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Iṣẹ́ Sátidé yẹn ló ń san owó ilé mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń sọ pé mo ní ẹni tí mò ń gbà nímọ̀ràn ní Marietta. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Bàbá náà máa ń bi mí bóyá kí òun jẹ ẹyin.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í ṣe tálákà o. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, wọ́n ti kọ́ odò ìwẹ̀ tí omi rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọdún tọdún, wọ́n ti kọ́ ògiri gíga kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gùn bí ọ̀bọ, wọ́n sì ti gba ọ̀gá tuntun kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa dùn. Ọdọọdún ni owó ilé ìwé ń gòkè. Ohun tí kò gòkè ni iye olùkọ́ tó ní ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan mo ra oúnjẹ lórí fóònù. Ẹni tó gbé e wá fún mi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti gboyè jáde. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní àròkọ tí mo kọ́ òun ń wúlò gan-an, òun lòun fi ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yára ti ilẹ̀kùn.

Irú ibi báyìí ni Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá nítorí mi.

Aunty ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Redan ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì ní, tó ń jáde ní háì-sukúù. Ibi méjì ló gba ọmọ náà. Èkíní ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba láàárín ìlú: máàkì rẹ̀ dára, nítorí náà ìpínlẹ̀ ni yóò san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, yóò sì máa ti ilé ìyá rẹ̀ lọ. Èkejì ni ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọ̀gá wa kọ lẹ́tà sí i pé àwọn fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ńlá. Mo mọ ẹ̀bùn yẹn. Bí ẹni tó ń tajà ṣe ń ṣe ni: yóò pe iye tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọjà náà ò tó, yóò wá yọ díẹ̀ kúrò, ìwọ yóò sì máa yọ̀ pé o mọ ọjà ná. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ìyá ni yóò yá a lórúkọ ara rẹ̀, yóò sì máa san án títí òun náà yóò fi di arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú.

Aunty dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí.

"Prof, mo ti pinnu o. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀."

"Aunty, ṣé ẹ ti wo ti ìjọba yẹn dáadáa?"

"Ta la mọ̀ níbẹ̀? Ẹ sọ fún mi, ta la mọ̀? Nígbà tí mo wà ní Pólì nílé, ọmọ tí ò bá lẹ́nìkan, ìwé ìdánwò rẹ̀ á kàn sọnù ni. Wọ́n á ní kò kọ ọ́. Èmi ò lè ju ọmọ mi síbi tí ò sójú. Níwọ̀n ìgbà tí Prof bá wà níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, ẹ ṣáà máa gbé fóònù ni."

Kí n gbé fóònù pe ta? Àwọn tó mọ̀ mí jù lọ́gbà yẹn ni àwọn tó ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn mọ́ ọkọ̀. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n alàgbà tí mo sọ níṣàájú dúró nítòsí, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Olúwa á ràn wá lọ́wọ́, Aunty."

"Àmín! Ọmọ yín ni o, Prof."

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, "Thank you, Uncle." Òun nìkan ni kì í pè mí ní Prof.

Nígbà tó yá, kọ́lẹ́ẹ̀jì pe àwọn ọmọ tuntun àti òbí wọn wá wo ọgbà, lọ́jọ́ Fúráìdé kan. Mo rò pé wọ́n á mú wọn káàkiri, wọ́n á rí ògiri ọ̀bọ, wọ́n á sì máa lọ sílé. Mo gbàgbé irú ẹni tí Aunty jẹ́. Mo jókòó lábẹ́ àtẹ̀gùn, mò ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tún gbólóhùn ṣe, mo gbọ́ ohùn kan lórí mi:

"Excuse me, our Professor's office, please."

Aunty ni. Ó wọ ìró àti bùbá léèsì tí ó máa ń wọ̀ lọ ṣe ìdúpẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbé kúlà oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú àlejò káàkiri tẹ̀ lé wọn, ọ̀rọ̀ náà ti sú u: ó ti wá orúkọ mi láàárín àwọn tó ní ọ́fíìsì, kò rí i, akọ̀wé ẹ̀ka wa ló ní kí wọ́n wò mí nídìí ẹ̀rọ bisikíìtì.

Aunty bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ àtẹ̀gùn. "Háà! Prof! Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

"Ẹ káàbọ̀, ma. Ooru ló pọ̀ lókè."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì yín, ká gbé mọ́ínmọ́ín yìí sílẹ̀. Ẹja wà nínú ẹ̀."

"Wọ́n ń kùn ún ni, ma. Ọ̀dà ṣì tutù." Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi geere, bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀ tipẹ́.

"Kò burú. Ẹ ṣáà mú wa dé ẹnu ọ̀nà. Mo mú òróró dání."

Òróró àdúrà ni, nínú ìgò kékeré, nínú báàgì rẹ̀. Bí Aunty bá ra ọkọ̀, á ta òróró sí i. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣèdánwò, á ta á sí bírò. Kò sí bí ó ṣe máa fi ọ́fíìsì Prof sílẹ̀ ní gbígbẹ. Mo ṣáájú wọn gòkè, mò ń wá ilẹ̀kùn tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Mo rí ọ̀kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní òun nìyẹn.

Aunty fi òróró ya àgbélébùú sára ilẹ̀kùn náà. Ó fi pa ọwọ́ ilẹ̀kùn náà. Ó dijú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì la ohùn: "Baba! Inú yàrá yìí ni wọn ó ti jà fún ọmọ mi! Ọ̀tá tó bá gba ibí wọlé, kó má ríbi jókòó!"

Mo ṣe àmín, mo lajú. Ìgbà náà ni mo rí pátákó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé yàrá ìkẹ́rùsí ni. Mo wá rántí: ìgbálẹ̀, páálí ìwé, àwọn àga tó ti kán. Lóòótọ́, kò sí ọ̀tá tó lè ríbi jókòó níbẹ̀. Ọmọ náà ń ka pátákó náà. Ó kà á tán, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, ì bá sàn bó bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Amen, Mommy," ó rọra sún, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ bo pátákó náà kí ìyá rẹ̀ má bàa rí i.

Wọ́n ti ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé bá mi bo irọ́ mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Aunty lọ bá àwọn tó ń ṣàlàyé owó. Ọmọ náà bá mi gbé kúlà lọ sínú ọkọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: fáìlì, ìrọ̀rí, bàtà rọ́bà, àti aṣọ iṣẹ́ Marietta aláwọ̀ búlúù. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Mommy ní irú ẹ̀," ó ní. "Same color."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"So this is the office."

"Òun ni."

Yorùbá rẹ̀ tẹ́jú, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi dáadáa. "Uncle, tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ni mí, ṣé ẹ máa ní kí n wá síbí?"

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo lè sọ pé ìmọ̀ kò ṣeé díye lé. Mo ní, "Rárá."

"Then ẹ sọ fún Mommy. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọ́n máa ní ọ̀lẹ ni mí. Wọ́n máa sign the loan on Monday."

Mo ní màá sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, láti Marietta, mo gba Redan lọ láti dá kúlà padà. Ìyá mi kọ́ mi pé a kì í dá abọ́ ẹni padà lófìfo, nítorí náà mo ra ọsàn sínú rẹ̀. Ìṣe mi ni láti pààrọ̀ aṣọ nínú ọkọ̀ kí n tó dé ibikíbi tí Yorùbá bá wà. Mo gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé Aunty, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo lọ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dì í mú títí. Mo tún fi í sílẹ̀.

Aunty ṣílẹ̀kùn. "Prof! Ẹ ò... kí lẹ wọ̀ yìí?"

"Aṣọ iṣẹ́ mi ni, ma. Bàbá arúgbó kan ni mò ń wẹ̀ ní Marietta."

Ó fọwọ́ kan ọrùn aṣọ náà bí ẹni tó mọ aṣọ. Ó ní kí n wọlé. N kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: tábìlì abẹ́ àtẹ̀gùn, iṣẹ́ sáà kan sí sáà kan, pé n kò mọ̀ bóyá èmi fúnra mi yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé. Mo ní irú mi ló máa kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Irú mi náà ló wà ní ti ìjọba, ṣùgbọ́n níbẹ̀ kò ní jẹ gbèsè nítorí wa. Mo ní kò sí fóònù tí mo lè gbé.

Aunty gba kúlà lọ́wọ́ mi. "Ilẹ̀kùn ta wá ni mo ta òróró sí?"

"Ti yàrá ìkẹ́rùsí ni, ma."

"Ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí?"

"Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, ma."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ nínú kíṣìnì, ó gbé e mì. Aunty ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ̀ pé mo máa yáwó, ẹ ní Olúwa á ràn wá lọ́wọ́. Ṣé Olúwa lẹ fẹ́ kó san án ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ dìde," ó ní, "ẹ dìde jàre. Ẹ̀yìn á máa dùn yín. Èmi náà mọ bí arúgbó gbígbé ṣe ń rí." Ó ṣí kúlà, ó wo àwọn ọsàn náà. "Mi ò ní tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Ọlọ́run fún wa ní Prof."

Ọmọ náà wọ ti ìjọba. Aunty kò sì yé pè mí ní Prof. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ròkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo ìgbà tó bá pè é ni etí mi ń gbóná, ó sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí ìsìn ṣe parí, alàgbà fọwọ́ bà mí léjìká. "Prof wa! Ọ̀dọ̀ yín lọmọ tèmi náà ń bọ̀ o. Ọkàn ìyàwó mi ti balẹ̀, ó ní ẹ wà níbẹ̀."

Aunty jókòó níwájú wa. Ó ń ṣí Bíbélì rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò sì ka nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ yíjú padà pátápátá, ó ń wò mí.

Mo ní, "Alàgbà, ẹ jẹ́ ká jọ dé ìdí ọkọ̀ mi. Mo fẹ́ fi ọ́fíìsì mi hàn yín."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Prof, ẹnu yín ò dáa!" Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo sì ṣáájú rẹ̀ jáde.